Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tí mo ti fẹ́ kí wọ́n sunkún: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí fíìmù ọmọ ìyá mẹ́ta

Alákámẹ́rà

Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí èmi fúnra mi nílò yín.

Mo kọ fíìmù kan, èmi náà ni mo darí rẹ̀. Eré tó ń pani lẹ́rìn-ín tó tún ń pani lẹ́kún ni. Ìtàn ọmọ ìyá mẹ́ta ni, obìnrin ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá wọn kú nígbà tí àbígbẹ̀yìn ṣì kéré, ẹ̀gbọ́n àgbà ló tọ́ àwọn méjì yòókù dàgbà. Ẹ̀gbọ́n yìí fẹ́ràn ọkùnrin kan tó máa ń wá sílé wọn, àmọ́ kò sọ ọ́ jáde rí. Ọkùnrin náà ò fura. Ló bá lọ dẹnu ìfẹ́ kọ àbígbẹ̀yìn, ìyẹn sì gbà. Ẹni àárín ló ń pa wá lẹ́rìn-ín jù: ọwọ́ ọkùnrin tí kò yẹ ló máa ń bọ́ sí nígbà gbogbo, òun nìkan ló sì mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀gbọ́n.

Mo kó èèyàn jọ láti wò ó kí a tó parí gígé rẹ̀. Ẹ̀rín ń sọ níbi tó yẹ, inú mi dùn. Ó wá kan ìran kan báyìí. Aṣọ ìyàwó àbígbẹ̀yìn dé, òun fúnra rẹ̀ kò sí nílé, aránṣọ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó gùn jù. Ẹ̀gbọ́n bá gbé e wọ̀, torí ọgbọọgba ni òun àti àbúrò rẹ̀. Fóònù aránṣọ dún, ó jáde lọ gbé e. Ó ku ẹ̀gbọ́n nìkan níwájú dígí. Ó wo ara rẹ̀ títí. Nígbà tó fẹ́ bọ́ ọ, sípù há sí i lẹ́yìn. Ó fà á, kò wá. Ó tún fà á, ló bá bú sẹ́kún. Torí ìran yìí ni mo ṣe kọ gbogbo ìtàn náà. Ńṣe ni gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Nǹkan méjì mìíràn. Ọ̀pọ̀ ló sọ pé àwọn kórìíra àbígbẹ̀yìn. Àwọn kan sì bi mí pé kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n kò fi rí ọkọ tirẹ̀ kí fíìmù tó parí.

Ṣé kí n yọ ìran sípù náà ni? Àbí kí n fi orin ẹkún sí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tó wà lọ́kàn yín gan-an fún mi.

Òǹwòran_Àgbà

Má yọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ohun tó ṣe àwọn òǹwòran rẹ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n wọra débi pé ẹ̀rín ló jáde. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àlùmágàjí

Ẹ̀gbọ́n Òǹwòran, òwe yẹn dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀ràn bá ló ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó jókòó tó ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n inú fíìmù ló lè fi tirẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bí òǹwòran bá ń rẹ́rìn-ín nígbà tí òun ń sunkún, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀rín tó jẹ́ ká tó sọ pé kó fi sílẹ̀ tàbí kó yọ ọ́.

Alákámẹ́rà, iṣẹ́ gígé fíìmù ni mò ń ṣe jẹun. Ẹ dá mi lóhùn. Ṣé lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àbí ẹnì kan ló bẹ̀rẹ̀ tí àwọn yòókù wá tẹ̀ lé e? Ìgbà wo gan-an ni: ìgbà tí sípù há, àbí ìgbà tí omi bọ́ lójú rẹ̀? Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ṣé wọ́n dákẹ́ ni, àbí wọ́n ń húkọ́, tí wọ́n ń yí ìdí padà lórí àga? Ta ni àwọn tó wá wò ó?

Ṣé ẹ gba ohùn inú gbọ̀ngàn sílẹ̀? Bí ẹ ò bá gbà á, ẹ gbà á nígbà míì. Ẹ sọ fún àwọn èèyàn ṣáájú pé ẹ ń gba ohùn wọn, ẹ gbé ẹ̀rọ kékeré kan síwájú wọn, kí ẹ wá tò ó mọ́ fíìmù náà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ máa rí ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ kedere. Ìrántí wa nìkan kò tó, torí àyà olùdarí máa ń já nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ẹni mẹ́ta lè dún bí ti ọgọ́rùn-ún ní etí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀_Ọkàn

Ìhùwàsí ẹ̀dá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rín ló túmọ̀ sí pé nǹkan dùn mọ́ni. Nínú ìwádìí tí Stanley Milgram gbé jáde lọ́dún 1963, wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa fi iná mànàmáná jẹ ẹlòmíì níyà nígbàkigbà tó bá ṣi ìbéèrè gbà. Kò sí iná kankan níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀. Nínú ọkùnrin 40, 14 ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín tí ara wọn ò sì balẹ̀. Nígbà tó parí, wọ́n ń ṣàlàyé kíkankíkan pé ẹ̀rín àwọn kò túmọ̀ sí pé àwọn ń gbádùn ìyà náà. Ohun tó lè ṣe àwọn òǹwòran yín náà nìyẹn. Wọ́n ń wo obìnrin kan tó há sínú aṣọ ìyàwó tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìtìjú rẹ̀ ràn wọ́n.

Ẹ tún rántí pé èrò ló wà nínú gbọ̀ngàn. Robert Provine, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ẹ̀rín, rí i pé èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín ní ìlọ́po 30 láàárín àwọn ẹlòmíì ju ìgbà tó dá wà lọ. Nítorí náà, ẹ̀rín tí ẹ gbọ́ ní gbọ̀ngàn yẹn, bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 30, ẹ máa mọ iye tó jẹ́ ti ìran náà gan-an.

Yékéyéké

Olùkọ́, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi 30 yẹn pín nǹkan kan. Ìwé tí àwọn èèyàn fi ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ wọn sílẹ̀ ni Provine ti rí i, wọ́n sì yọ àkókò tí ẹni tó dá wà fi ń wo tẹlifíṣọ̀n tàbí tó ń kàwé kúrò nínú ìṣirò náà. Kì í ṣe èrò inú gbọ̀ngàn sinimá ló wọ̀n. Èyí tó wúlò fún Alákámẹ́rà nínú iṣẹ́ ọkùnrin yẹn ni pé nígbà tó ń tẹ́tí sí àwọn èèyàn tó ń bára wọn sọ̀rọ̀, ìdá 10 sí 20 péré nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ẹ̀rín ló jọ àwàdà. Ọ̀rọ̀ lásán ni ìyókù. Ìyẹn ni pé ẹ̀rín jẹ́ ohun tí èèyàn fi ń bá èèyàn lò. Ẹni tó jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ẹ̀rín sọ fún ọ̀rẹ́ náà pé, "Ṣé ìwọ náà rí i?"

Alákámẹ́rà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Àlùmágàjí, lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, gbàrà tí sípù há, kí omijé tó dé rárá. Nígbà tó wá ń sunkún, àwọn kan ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ, ẹnì kan sì pariwo "Ẹ dákẹ́ jàre!" láti ẹ̀yìn. Àwọn tó jókòó síwájú, ọ̀rẹ́ àti ẹbí àwọn òṣèré ló pọ̀ jù nínú wọn. A ò gba ohùn sílẹ̀.

Orí_Ìtàgé

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni tèmi. Ṣé a ti rí sípù tó há níbòmíì nínú fíìmù yìí, ṣáájú ìran yẹn?

Alákámẹ́rà

Bẹ́ẹ̀ ni o. Níbẹ̀rẹ̀. Ẹni àárín lọ pàdé ọkùnrin kan nílé oúnjẹ, sípù gáùn rẹ̀ há nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó jà, ó jà, nígbà tó yá ó fi aṣọ tábìlì bora jáde. Kò síbi tí ẹ̀rín ti pọ̀ tó ibẹ̀ nínú gbogbo fíìmù náà.

Orí_Ìtàgé

Ibẹ̀ ni ìdí ọ̀ràn wà. Kì í ṣe àìlójú àánú àwọn òǹwòran, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ìtìjú tí Olùkọ́ ń sọ, ó kéré tán kì í ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn. Ẹ ti sọ fún wọn níbẹ̀rẹ̀ pé nínú ayé fíìmù yìí, bí sípù bá há, ẹ̀rín ló kàn. Wọ́n fi sọ́kàn. Nígbà tí sípù kejì há, wọ́n dá yín lóhùn bí ẹ ṣe kọ́ wọn. Wọ́n tiẹ̀ gbọ́ràn ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Lórí ìtàgé, a máa ń ṣọ́ èyí lójú méjèèjì. Ohun èlò tó bá ti pani lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ìbáà ṣe àga tó ṣẹ́ tàbí fìlà tó jábọ́, ẹ̀rín yẹn á máa tẹ̀ lé e títí eré á fi parí, àyàfi tí ẹnì kan bá gbà á lára rẹ̀. Ẹ yí ti àkọ́kọ́ padà. Kí gìgísẹ̀ bàtà ẹni àárín ṣẹ́, tàbí kí nǹkan dà sí i láṣọ. Ẹ fi sípù sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n nìkan.

Òǹwòran_Àgbà

Ẹ ń wá ọ̀nà láti lé ẹ̀rín kúrò nínú eré tí wọ́n pè ní eré ẹ̀rín! Chekhov, ará Rọ́ṣíà yẹn, kọ eré ọmọ ìyá mẹ́ta lọ́dún 1901, Three Sisters, ó kọ ọ́ sára ìwé pé àwàdà ni, àwọn tó ṣe é sì sọ ọ́ di ẹkún. Títí ó fi kú ló ń bínú sí wọn. Òun mọ̀ pé ẹ̀rín àti ẹkún jọ ń gbé ni.

Orí_Ìtàgé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, eré méjì lẹ dà pọ̀. Three Sisters tí wọ́n ṣe ní Mọ́sìkò lọ́dún 1901, dírámà ni Chekhov kọ sí i lórí. Èyí tó pè ní àwàdà ni The Cherry Orchard, tó jáde lọ́dún 1904, ọdún tó kú. Òun ni Stanislavski, olùdarí eré náà, gbé kalẹ̀ bí ìtàn ìbànújẹ́ tí inú Chekhov ò fi dùn. Ṣùgbọ́n ẹ ò jìnnà sóòótọ́, torí Stanislavski kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé nígbà tí àwọn òṣèré kọ́kọ́ ka Three Sisters, tí wọ́n ń pè é ní ìtàn ẹkún, ó ya Chekhov lẹ́nu, torí lójú tirẹ̀ àwàdà tó lárinrin lòun kọ.

Bí ẹ bá sì wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ yẹn ran Alákámẹ́rà lọ́wọ́. Ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó gbé e kalẹ̀ lè má gbọ́ ara wọn yé lórí ibi tí ẹ̀rín wà, kí a tó wá sọ ti òǹwòran.

Àlùmágàjí

Orí_Ìtàgé ti rí ibi tí àìsàn wà, mo kí i. Ìwòsàn rẹ̀ ni mi ò fara mọ́. Ẹ má fọwọ́ kan sípù àkọ́kọ́.

Ẹ wo fíìmù Sense and Sensibility tí Ang Lee darí lọ́dún 1995. Ọmọ ìyá ni wọ́n níbẹ̀ náà. Elinor, àgbà wọn, ti gbé ìfẹ́ Edward mì látìbẹ̀rẹ̀, ó rò pé Edward ti gbé ẹlòmíì níyàwó. Edward wá dé, ó sọ pé òun ò tíì gbé ẹnikẹ́ni níyàwó. Elinor bú sẹ́kún lójú gbogbo ilé, ẹkún tó ń gbé e mì tìtì, tí kò sì lè dá a dúró. Ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ sáré jáde kúrò nínú yàrá. Èyí tó kéré jù lọ gun orí igi lọ yọjú wo wọn, ó ń ròyìn ohun tó rí fún àwọn yòókù. Mi ò tíì bá èrò wo ibẹ̀ kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, mi ò sì tíì rí ibi tí ojú gbogbo wọn ti gbẹ. Emma Thompson tó kọ ọ́, tó tún ṣe Elinor, gba àmì ẹ̀yẹ Oscar lórí ìwé eré náà.

Kí ló fà á tí ẹ̀rín yẹn kò fi ba ẹkún náà jẹ́? Torí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù la ti ń wo Elinor tó ń kó ara rẹ̀ níjàánu. Àwa náà ti di èémí mú pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó já, tiwa náà já. Tirẹ̀ là ń ṣe, a ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bi ara yín bóyá àwọn òǹwòran yín ti bá ẹ̀gbọ́n di èémí mú kí sípù tó há. Bí wọn ò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yí sípù àkọ́kọ́ padà nígbà mẹ́wàá, wọ́n á ṣì rí nǹkan míì rẹ́rìn-ín sí.

Ohun tí màá ṣe bó bá jẹ́ èmi: ìgbà tó ń wo dígí, ẹ jẹ́ kó pẹ́ sí i. Ẹ má gé e. Ẹ sún kámẹ́rà mọ́ ọn, kó fi ọwọ́ tẹ́ ìgbáròkó aṣọ náà bí ẹni tó ń tẹ́ ẹ fún àbúrò rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ wá dúró síbẹ̀. Kí sípù tó wá há. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ má gbé kámẹ́rà kúrò lójú rẹ̀. Kó máa fà á, kó máa fà á, títí ẹ̀rín á fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, ìgbà yẹn ni kí omi tó bọ́. Ẹ̀rín nílò àyè. Àwọn Marx Brothers, aláwàdà inú fíìmù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé àwọn ìran inú A Night at the Opera (1935) kiri orí ìtàgé kí wọ́n tó yà á, torí kí wọ́n lè mọ bí ẹ̀rín kọ̀ọ̀kan ṣe máa pẹ́ tó, kí ọ̀rọ̀ tó kàn má bàa rì sínú rẹ̀. Ẹkún ẹ̀gbọ́n ló rì sínú ẹ̀rín nínú tiyín.

Lórí orin: ẹ má dán an wò. Bí orin bá ṣáájú omijé, àwọn òǹwòran á mọ̀ pé ẹ ń fi agbára mú wọn, ẹ̀rín wọn á wá di ti ẹ̀gàn lóòótọ́.

Akọ̀wé_Abẹ́_Àwòrán

Kékeré ni tèmi. Ṣé ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ àwòrán nígbà tí ẹ fi hàn wọ́n? Iṣẹ́ mi nìyẹn, mo sì máa ń rí i pé bí ọ̀rọ̀ bá tètè jáde, àwọn tó ń kà á á rẹ́rìn-ín kí òṣèré tó la ẹnu. Bí ẹ bá kọ "ó ń sunkún" tàbí "sípù há" fún àwọn tí kì í gbọ́ràn, ẹ má jẹ́ kó yọ kí nǹkan náà tó ṣẹlẹ̀ lójú wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn náà rí i kí wọ́n tó kà á.

Àkọ́bí_Obìnrin

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ nípa sípù. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sọ́dọ̀ àbígbẹ̀yìn tí wọ́n kórìíra, torí mo rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Èmi ni àkọ́bí nílé wa, mo ní àbúrò obìnrin. Kì í ṣe torí pé ó gba ọkùnrin ni wọ́n ṣe kórìíra ọmọ yẹn. Ọkùnrin ò fi ìfẹ́ lọ ẹ̀gbọ́n, kò sì sẹ́ni tó jí i. Ohun tó ń dun àwọn òǹwòran, tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́, ni pé àbígbẹ̀yìn ò bi ẹ̀gbọ́n ní ìbéèrè kankan rí. Alákámẹ́rà, ẹ lọ wo ìwé eré yín. Ẹ ka ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n bi àbígbẹ̀yìn: ṣé o ti jẹun, ta ló wà níbẹ̀, ṣé inú ẹ dùn, ìgbà wo lo máa dé. Ẹ wá ka èyí tí àbígbẹ̀yìn bi ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹ ò ní rí ju "Níbo lo gbé e sí?" lọ. Ẹni tó tọ́ ọ dàgbà máa ń dà bí ògiri ilé lójú ọmọ, a kì í bi ògiri bóyá ó rẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n nífẹ̀ẹ́ àbígbẹ̀yìn, ẹ má fi omijé sí i lójú. Ẹ fún un ní ìbéèrè kan. Kó jẹ́ ìbéèrè tòótọ́, kó sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ó sì yẹ kó mọ̀. Mo gbà pé kí ìyàwó ṣíṣe yẹn tó wáyé, kó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ràn ọkùnrin náà.

Ọmọ_Ìkẹyìn

Àǹtí Àkọ́bí, ẹ̀yìn yín ni mo wà lórí ìbéèrè, ó tiẹ̀ mú mi lómi lójú. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ ńkọ́? Rárá o. Bó bá mọ̀, ohun méjì péré ló kù fún un. Bó bá fi ọkùnrin sílẹ̀, ẹ̀bùn tí ẹ̀gbọ́n fi dákẹ́ fún un ti bàjẹ́. Bó bá sì mọ̀ tó tún fẹ́ ẹ, ìkà ni, àwọn òǹwòran yín á sì ti tọ̀nà.

Èmi ni àbíkẹ́yìn wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀yin àgbà kì í rí. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Bí a bá bi yín pé kí ló dé, ẹ á ní "kò sí nǹkan kan, lọ sùn." Bó bá pẹ́, a kì í béèrè mọ́. Kí àbígbẹ̀yìn inú fíìmù béèrè, kí ẹ̀gbọ́n sì dá a lóhùn báyẹn.

Alákámẹ́rà, mo ní ìbéèrè: ta ló tú sípù náà nígbẹ̀yìn?

Alákámẹ́rà

Aránṣọ ló padà wọlé tó tú u.

Ọmọ_Ìkẹyìn

Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àbígbẹ̀yìn! Kó tètè dé sílé. Kó bá ẹ̀gbọ́n nínú aṣọ ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń sunkún. Kó má sọ nǹkan kan, kó yí i sẹ́yìn, kó fi àtàńpàkò di aṣọ mú lókè kí sípù má bàa tún jẹ okùn, kó sì fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n náà ṣe máa ń ṣe fún un nígbà tó wà lọ́mọdé. Kó wá béèrè pé, "Ṣé màmá lo rántí?" Kí ẹ̀gbọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Orí_Ìtàgé

Mo yọwọ́ nínú gìgísẹ̀ bàtà. Ẹ fi sípù méjèèjì sílẹ̀, èyí tí Ọmọ_Ìkẹyìn sọ yìí ló máa gba ẹ̀rín lára rẹ̀. Sípù àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó wá tú u fún ẹni àárín. Sípù kejì, ẹnì kan wá.

Àkọ́bí_Obìnrin

Ó dára púpọ̀, mi ò ní jiyàn. Síbẹ̀, ohun tí mo rò ni pé ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú sípù yẹn ti mọ̀. Ọ̀rọ̀ màmá tó béèrè, òun ló fi ṣí ọ̀nà fún ẹ̀gbọ́n láti má sọ òótọ́.

Yékéyéké

Ó ku ọ̀rọ̀ ọkọ tí wọ́n ní kí ẹ wá fún ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ láyé. Nígbà tí Louisa May Alcott gbé apá kìíní Little Women jáde lọ́dún 1868, ìtàn ọmọ ìyá mẹ́rin, àwọn ọmọbìnrin ń kọ lẹ́tà sí i láti mọ ẹni tí wọ́n máa fẹ́, àfi kí Jo, ọ̀kan nínú wọn, fẹ́ Laurie, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọkùnrin. Ó kọ̀ jálẹ̀. Nínú apá kejì lọ́dún 1869, ó fún Jo ní ọkọ, àmọ́ kì í ṣe Laurie, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó dàgbà jù ú lọ ni. Nínú fíìmù tí Greta Gerwig ṣe lórí ìwé náà lọ́dún 2019, ó sọ àríyànjiyàn yẹn di ara ìtàn: Jo jókòó níwájú ẹni tó fẹ́ tẹ ìwé rẹ̀, wọ́n ń dúnàádúrà lórí bóyá obìnrin inú ìwé gbọ́dọ̀ lọ́kọ kó tó parí. Torí náà ẹ má rò pé òǹwòran yín ló ṣòro. Bí wọ́n bá ń wá ọkọ fún un, wọ́n ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Òǹwòran_Àgbà

Èmi ò gbà pé kéèyàn máa gbé etí kúrò lọ́dọ̀ òǹwòran. Fíìmù Pretty in Pink, lọ́dún 1986, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ parí ọmọbìnrin inú rẹ̀ sí. Àwọn tó kọ́kọ́ wò ó ò fẹ́ ẹ, wọ́n tún ìparí rẹ̀ yà, fíìmù náà sì ta dáadáa.

Àlùmágàjí

Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni John Hughes tó kọ ọ́ ṣe kọ òmíràn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Some Kind of Wonderful, tó sì jẹ́ kí ìfẹ́ inú ìyẹn parí sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Nítorí náà ìjà yẹn kò tán lọ́kàn rẹ̀.

Ojú tí mo fi ń wò ó rèé. Òǹwòran kì í ṣìnà nípa ibi tó ti ń dùn ún. Nípa oògùn ni kò ti ní mọ̀ tó ẹni tó kọ ọ́. Tó bá ní "wá ọkọ fún un," ohun tó ń sọ ni pé nígbà tí fíìmù parí, òun ò rí nǹkan kan tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n nìkan. Ìyẹn lẹ lè tún ṣe, ọkọ ò sí níbẹ̀ rárá.

Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ fi hàn, ẹ pe àwọn tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹni tó bá ti mọ òṣèré máa ń rẹ́rìn-ín torí ó ń rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ ìyàwó, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n inú ìtàn. Ẹ fún wọn ní bébà kí wọ́n kọ èsì sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, torí ẹni àkọ́kọ́ tó bá la ẹnu ló máa ń darí ìyókù. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé ó pa wọ́n lẹ́kún. Ẹ ní kí wọ́n sọ ìtàn náà fún yín bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, kí ẹ fetí sí ibi tí wọ́n fò.

Alákámẹ́rà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́.

A ka ìbéèrè inú ìwé eré náà bí Àǹtí Àkọ́bí ṣe ní ká ṣe, bí ẹ ṣe sọ ló rí gẹ́lẹ́. A pe àwọn òṣèré padà, a tún apá kejì ìran aṣọ náà yà. A jẹ́ kí wíwo dígí pẹ́. Àbígbẹ̀yìn ló wọlé tó tú sípù. Mi ò fi orin sí i. Mi ò wá ọkọ fún ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ nígbẹ̀yìn, nígbà tí gbogbo wọn ti lọ, ó jókòó sídìí oúnjẹ tó gbóná, ó jẹ ẹ́ tán, láìdìde lọ bá ẹnikẹ́ni mú nǹkan. Nínú gbogbo fíìmù náà, kò tíì jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan rí.

Àwọn tí a ò mọ̀ rí la pè wá wò ó, a sì gba ohùn wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí sípù há. Nígbà tó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín dín. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnì kan ṣoṣo ló kù, òun náà sì dákẹ́. Nígbà tí àbígbẹ̀yìn béèrè ọ̀rọ̀ màmá, a gbọ́ ẹni tó ń fa ikun lórí ohùn tí a gbà. Nínú bébà wọn, àwọn tó kórìíra àbígbẹ̀yìn ṣì wà, wọn ò pọ̀ mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kọ ni ìbéèrè: ṣé ó mọ̀ àbí kò mọ̀?

Àkọ́bí_Obìnrin

Ó mọ̀.

Ọmọ_Ìkẹyìn

Kò mọ̀ o, Àǹtí mi.

Àlùmágàjí

Alákámẹ́rà, ẹ má dá wọn lóhùn, ì báà jẹ́ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Iṣẹ́ kan ló kù. Ẹ wo ìran yẹn lórí fóònù kékeré, kí ẹ fi gbohùngbohùn etí sí i, kí ẹ̀yin nìkan wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa dá wò ó ni, kò ní sí ẹ̀rín ẹlòmíì tó máa gba àkókò fífa sípù yẹn. Bó bá gùn jù létí yín, ẹ gé díẹ̀ kúrò lára fífà kẹta, kí ẹ má fọwọ́ kan dígí.